Bí ẹ ṣe máa lọ wo ìdíje drum corps ní Amẹ́ríkà: ẹ tètè dé, ẹ jókòó sókè

Òbí Yorùbá tó bá ní ọmọ nínú báńdì ilé ẹ̀kọ́ girama ní Atlanta, Houston tàbí Maryland á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Blue Devils báyìí, Bluecoats báyẹn (orúkọ ẹgbẹ́ drum corps ni méjèèjì), fídíò ìlù lórí fóònù láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí á fi sú gbogbo ilé. Tí ọmọ náà bá wá ní kí ẹ gbé òun lọ wo ìdíje kan nígbà ìsinmi, ẹ má kàn já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ yí mọ́tò padà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tiyín, kí ẹ bá a wọlé. Ohun méjì ni mo máa tẹnu mọ́ fún ẹni tí kò lọ rí: ẹ tètè dé, kí ẹ sì jókòó sókè. Ìyókù, àlàyé ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń lọ wò

Drum corps kì í ṣe báńdì ilé ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú báńdì ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ti wá. Ẹgbẹ́ tó dá dúró ni, tó ń gba ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo, tó sì ń kó wọn rin ìlú dé ìlú ní gbogbo ìgbà ooru. Fèrè idẹ àti ìlù ni wọ́n ń lò. Ẹ kò ní rí klarinẹ́ẹ̀tì, ẹ kò sì ní rí sasofóònù. Àwọn kan wà láàárín wọn tí kì í fun fèrè, tí kì í lu ìlù: àwọn color guard nìyẹn, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń fẹ àsíá, tí wọ́n ń ju ìbọn onígi àti idà sókè tí wọ́n sì ń hán an. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní ọmọ tó lé ní 150. Eré ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú 8 sí 12 lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró lójú kan: bí wọ́n ṣe ń fun fèrè ni wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń fẹ̀yìn rìn. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 22 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yìí díje mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí géńdé tó ń sunkún gidi lálẹ́ ọjọ́ tí sáà bá parí.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bíi American Legion àti VFW, pẹ̀lú àwọn ìjọ Kátólíìkì àti ẹgbẹ́ Scout, ló dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ní 1971 ni àwọn ẹgbẹ́ kan fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá Drum Corps International sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní DCI. Wọ́n ṣe àṣekágbá àkọ́kọ́ ní 1972 ní ìlú Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹgbẹ́ Anaheim Kingsmen láti California ló sì gba ipò kìíní. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ fun bugle nínú Boys' Brigade ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ má retí bugle tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn o. Orúkọ rẹ̀ ló kù. Láti 2000 ni wọ́n ti gbà kí ẹgbẹ́ máa lo fèrè idẹ olóhùn yòówù tó bá wù wọ́n. Makirofóònù wọlé ní 2004, àwọn ohun èlò oníná bíi keyboard sì tẹ̀ lé e ní 2009. Àwọn àgbà olólùfẹ́ kan ṣì ń bínú lórí èyí títí dòní. Tí ẹ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà láì tíì béèrè.

Ẹ yan ìdíje tó rọ̀ yín lọ́rùn

Ìparí oṣù Kẹfà ni sáà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń parí ní Sátidé kejì oṣù Kẹjọ. Láàárín ìgbà yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìdíje kò wáyé ní ìlú bíi mélòó kan. Ẹ lọ sí ìkànnì dci.org, kí ẹ wo èyí tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń lọ sí gbogbo ìlú.

Àwọn ìdíje kéékèèké máa ń wáyé ní pápá ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí ti yunifásítì, pẹ̀lú ẹgbẹ́ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú jìnnà ẹ ti ń lọ sílé. Àwọn ìdíje agbègbè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: ti San Antonio máa ń wáyé ní Alamodome, ti Atlanta ní Mercedes-Benz Stadium, ti Allentown ní Pennsylvania sì máa ń gba alẹ́ méjì. Ẹni tó ń gbé Houston lè wakọ̀ dé San Antonio láàárín bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó wà ní Baltimore kò ní rin jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Allentown. Àṣekágbá wá ni ti Indianapolis, ní Lucas Oil Stadium, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti 2009, àfi ọdún 2020 tí Kòrónà fagi lé gbogbo sáà, àti 2021 tí wọ́n ṣeré níbẹ̀ láìsí ìdíje. Ọjọ́bọ̀ ni ẹgbẹ́ rẹpẹtẹ máa ń jáde, ẹgbẹ́ 25 tó ṣe dáadáa jù á padà wá ní ọjọ́ Ẹtì, 12 nínú wọn á sì kù fún alẹ́ Sátidé.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi Indianapolis bẹ̀rẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì á gun òkè, ìjókòó tó dára á ti tán, ẹ ó sì gbọ́ ẹgbẹ́ tó pọ̀ débi pé lọ́jọ́ kejì ẹ kò ní mọ èwo ni wọ́n wọ aṣọ pupa, èwo ni wọ́n wọ aṣọ búlúù. Ohun mìíràn tún ni òrùlé. Nínú ilé ńlá bẹ́ẹ̀, ohùn fèrè á lọ kọlu òrùlé, á padà wá pàdé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn kò ní mọ orí mọ ìdí. Ní pápá tí kò ní òrùlé, ohùn náà mọ́ kedere. Ìdíje kékeré kan ní àárín oṣù Keje ló dára jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní àárín oṣù Keje torí pé nínú oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò tíì kọ́ ìparí eré wọn tán. Wọ́n lè dé àárín pápá kí wọ́n kàn dúró, kí wọ́n kí èèyàn, kí wọ́n máa lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ti san owó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba náà kò gbẹ́yìn: Drum Corps United Kingdom ló ń ṣètò ìdíje tibẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kò tóbi tó ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí á wúlò níbẹ̀ náà.

Tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ má ra tìsàlẹ̀

Níbi bọ́ọ̀lù tàbí níbi eré olórin, gbogbo wa la fẹ́ wà níwájú. Níbí, iwájú ni ibi tó burú jù. Ilẹ̀ pápá ni wọ́n ń fi ara wọn yàwòrán lé, ẹni tó bá jókòó sí ìlà kẹta kò ní rí ju àwọn tó ń lu marimba (ohun èlò onígi tó tò bíi keyboard, tí wọ́n ń fi igi lù) lọ. Lọ́wọ́ iwájú pápá gan-an ni wọ́n máa ń to marimba, timpani (ìlù ńlá oníkòkò) àti àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí, nítorí náà ohùn ìyẹn ni yóò bo gbogbo fèrè mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ gun òkè. Ẹ wá ibi tó kọjú sí ìlà 50, tó jẹ́ àárín pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kí ẹ sì gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi máa wo orí gbogbo wọn. Òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ náà máa ń jókòó sí, ojú ibẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣètò eré láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín òkè pátápátá tó wà ní àárín àti ìsàlẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́, bí owó wọn bá tilẹ̀ jọra, ẹ mú tòkè láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè gbà fún kó jókòó sísàlẹ̀: òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lu marimba tàbí vibraphone (irú marimba tó jẹ́ onírin) nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà á fẹ́ wo ọwọ́ wọn, igi mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì sí ibòmíràn tó ti lè rí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ẹ̀yìn pápá ni ìjókòó náà wà. Apá kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ máa ń kọjú sí, ìyẹn apá tí yàrá àwọn akọ̀ròyìn wà. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn máa ń pọ́ọ́kú, ó sì yẹ kó pọ́ọ́kú.

Ohun tí ẹ ó gbé àti ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀

Ní àwọn pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù NFL (líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà), báàgì tí a lè rí inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, kó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn, 30 ní gíga àti 15 ní fífẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀sì kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ lè kọjá. Báàgì tí ìyá gbé lọ sí òde kò lè kọjá. Ẹ mú káàdì dání, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó nínà, ìyẹn owó bébà, mọ́. Mercedes-Benz Stadium ti pa owó nínà tì láti 2019. Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìdàkejì rẹ̀ ni, ẹni tó ń ta họ́ọ̀tì dọ́ọ̀gì níbẹ̀ lè jẹ́ òbí olùyọ̀ǹda kan tí owó nínà á rọ̀ lọ́rùn jù. Ẹ mú méjèèjì.

Oòrùn oṣù Keje ní Texas tàbí Georgia kò mọ ẹni tó wá láti Ìbàdàn, á jó yín. Fìlà, omi, ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Ìjókòó pápá ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń jẹ́ irin tí oòrùn ti yan láti òwúrọ̀, nítorí náà ẹ mú tìmùtìmù kékeré kan. Ẹ mú aṣọ òjò. Agboòrùn á dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ ṣí i. Tó bá jẹ́ pápá onílé ni, ẹ gbàgbé oòrùn, kí ẹ mú súwẹ́tà, torí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kì í ṣàánú. Fún ọmọ kékeré, ẹ wá ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Ariwo náà pọ̀ ju bó ṣe rí lórí fóònù lọ.

Ní ti oúnjẹ, wọn kì í gbà kí a gbé e wọlé. Ẹ fi ìrẹsì àti ẹran díndín sínú kúlà nínú ọkọ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ níbi tẹ́ ẹ páàkì sí kí ẹ tó wọlé. Ibi ìpáàkì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí.

Ibi ìpáàkì: ìdajì eré wà níbẹ̀

Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé aago 7 ni eré á bẹ̀rẹ̀, ẹ dé ní aago 4, ó pẹ́ tán aago 5. Ẹ má wọlé. Ẹ máa gbọ́ ìlù láti ibi kan, lẹ́yìn àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ohùn náà. Ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń mú ara gbóná kí wọ́n tó wọ pápá ni gbogbo olólùfẹ́ ń pè ní the lot, ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ibi ìpáàkì ni wọ́n ń wá.

Àwọn onílù snare máa tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, éjìká kan éjìká. Ẹ̀rọ kan á máa ké kọ́, kọ́, kọ́ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n gbé sórí kẹ̀kẹ́. Olùkọ́ á dúró níwájú wọn, ojú rẹ̀ kì í ṣí sókè, ọwọ́ wọn ló ń wò. Igi gbogbo wọn á gbéra sí ìwọ̀n kan náà, á padà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìlù wọn kì í ṣe awọ ẹran: Kevlar ni, irú okùn tí wọ́n fi ń hun aṣọ tí ọta kì í wọ̀, wọ́n sì fà á le débi pé tí ẹ bá fi ìka kàn án, bíi pé tábìlì lẹ kàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún ṣákálá, tí kò ní ìró lẹ́yìn. Àṣìṣe ẹnì kan kò ní ibi tó máa sá pamọ́ sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn tí wọ́n gbé ìlù márùn-ún tàbí mẹ́fà kọ́ àyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ wọn ń fò láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Lẹ́yìn wọn ni ìlù báàsì, tí mo fẹ́ràn jù. Onílù márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìlù kálukú sì tóbi ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹnì kan kì í lu orin tán. Ẹni àkọ́kọ́ á lu ẹyọ kan, ẹnì kejì á gba ẹyọ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ohùn náà á fi sáré láti orí ìlù kékeré dé orí ìlù ńlá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kì í ṣe iwájú, ẹ ó rí i bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Etí tiwa máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìlù. Ìyáàlù á kì yín, á bú yín, á pe bàbá yín lórúkọ, omele á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún alẹ́ kan. Ìlù yìí kò sọ̀rọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bínú sí i fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ọwọ́ mẹ́sàn-án dún bí ọwọ́ kan, tí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé kí ara yín tó bù máṣọ.

Ibẹ̀ ní òfin tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kọ ọ́ sí ara ògiri. Ẹ má gba àárín onílù àti olùkọ́ kọjá. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ yà fún wọn lójú ẹsẹ̀, torí wọn kì í dúró, ìlù tó wúwo ló sì wà láyà wọn. Ẹ di ọmọ kékeré mú lọ́wọ́. Ẹ má bá ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lórí ìlà sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ àbúrò yín. Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe é tí kò fi dáhùn, wọn ò gbà á láyè ni. Lẹ́yìn eré, ẹ lè dì mọ́ ọn títí.

Àwọn onífèrè máa ń wà ní ibòmíràn, níbi tí koríko wà, wọ́n á tò bí àbọ̀ òṣùpá yí olùkọ́ ká. Ẹ wá wọn kàn. Ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mì yín láyà, kò sí ìjókòó kan nínú pápá tí ẹ ti lè gbọ́ ọ báyẹn.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bá ń mú ara gbóná, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ti ń ṣeré nínú pápá. Ẹ kò lè wà níbi méjì. Ní ti ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wo ẹgbẹ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta nínú ibi ìpáàkì, kí ẹ sì wọlé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sábà máa ń jẹ́ àwọn kéékèèké, ìyìn tiwọn náà sì tọ́ sí wọn.

Nínú pápá

Kò sí àsìkò aláwọ̀ dúdú níbí. Wọ́n kọ ìṣẹ́jú tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jáde sínú ètò, ìṣẹ́jú yẹn náà sì ni wọ́n ń jáde. Tí ẹ bá dé nígbà tí ẹgbẹ́ kan wà lórí pápá, wọ́n á ní kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eré yẹn á fi parí, ẹ má bá wọn jà. Bákan náà, tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, àárín ẹgbẹ́ kan sí èkejì ni kí ẹ dìde. Ẹ fi fóònù pamọ́: ẹ lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba fídíò eré.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín tú ká. Ẹni tó bá ń wo ọmọ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rí eré. Ẹ wo bí ìlà títọ́ kan ṣe ń di ìlà wíwọ́, bí ó ṣe ń ya sí méjì, tí àwọn kan ń gba àárín àwọn mìíràn kọjá láìkan ara wọn. Nígbà tí gbogbo onífèrè bá yí ojú síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n gbé ẹnu fèrè sókè, ẹ múra, nǹkan ń bọ̀. Bí àwọn color guard bá ju ìbọn sókè, ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó balẹ̀. Tó bá yí nígbà mẹ́fà tàbí méje tí gbogbo wọn sì hán an pọ̀, gbogbo èrò á hó. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan, ẹnikẹ́ni kì í pòṣé, wọn kì í sì í hó lé ẹgbẹ́ kankan lórí, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwà wọn. Bí orí yín bá wú, ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ké. Ti ká ná wọn lówó níwájú orí nìkan ni kò ṣeé ṣe, pápá jìnnà.

Tí mànàmáná bá kọ, wọ́n á dá eré dúró, wọ́n á sì kó gbogbo èèyàn sí abẹ́ òrùlé. Ó kéré tán, ẹ ó dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn mànàmáná tó kẹ́yìn. Ẹ má tètè lọ sílé: nígbà míràn, ẹgbẹ́ kan lè jáde wá fun orin lórí ìdúró fún àwọn tó bá dúró.

Bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tó gba ipò kìíní

Máàkì 100 ni gbogbo rẹ̀. Ogójì wà fún bí eré náà ṣe wọ èèyàn lára lápapọ̀, 30 fún ohun tí ojú rí, 30 fún ohun tí etí gbọ́. Àwọn adájọ́ kan wà lókè, àwọn kan sì máa ń rìn láàárín àwọn ọmọ lórí pápá, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí sínú ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ á gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìn ìdíje, wọ́n á sì tún eré ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, máàkì máa ń gòkè bí sáà ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ tó gba 80 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje kò fìdí rẹmi rárá. Èyí tó ga jù tí wọ́n tíì fúnni rí ni 99.650 tí Blue Devils gbà ní 2014, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjì lórí òkè sì lè jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú máàkì kan ṣoṣo.

Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń ka máàkì lọ sókè. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ tí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn bá bọ́ sẹ́yìn. Àwọn olólùfẹ́ Boston Crusaders, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1940, dúró títí di 2025 kí wọ́n tó gba ipò kìíní DCI fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń jiyàn nípa ìdá kékeré nínú máàkì kan, ẹ jẹ́ kó jiyàn rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn eré

Ẹ má sáré lọ síbi ọkọ̀, ẹ kò ní jáde níbẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí bó ti wù kó rí. Ní àwọn ìdíje kan, ẹgbẹ́ kan á padà wá ṣeré fún èrò lórí pápá, tí kò ní adájọ́, tí ara ti tù wọ́n. Ẹ dúró gbọ́ ọ.

Aṣọ olórúkọ ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwọ̀n tó ń bá àgbàlagbà mu máa ń tètè tán. Inú owó yẹn ni wọ́n ti ń ra epo fún bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ láti inú ọkọ̀ ńlá tó jẹ́ ilé ìdáná, tí wọ́n sì ń sùn sórí ilẹ̀ ní ilé ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń dáná yẹn, òbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá mọ ìrẹsì sè fún èrò òde, wọ́n á gbà yín tọwọ́ tẹsẹ̀.

Nínú ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń darí lọ sílé, ọmọ yín máa sọ fún yín pé òun náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ìdánwò ìgbaniwọlé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá àti Kejìlá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń gba fídíò kí ọmọ tó wá fojú hàn. Àwọn ọmọ ló ń sanwó, kì í ṣe pé wọ́n ń san owó fún wọn, ó sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún sáà kan. Láti oṣù Karùn-ún títí di àárín oṣù Kẹjọ, kò ní sí nílé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Open Class: wọ́n kéré, ìrìn àjò wọn kì í pẹ́ tó ti àwọn ńlá, owó wọn sì máa ń rọjú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fún olùkọ́ báńdì rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní fídíò kan wò ní oṣù Kẹsàn-án, kí olùkọ́ sọ fún un ní tààrà bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti tó.